Ẹ gbà mí o, ọmọ mi ń ṣe àmì àgbélébùú kó tó jẹun

Ìyá Màlíìkì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mi ò sùn lánàá. Ọmọ mi ọkùnrin wà nílé ìwé àwọn Àgùdà kan níbí ní Ìbàdàn. Mùsùlùmí ni wá. Lọ́jọ́ Sátidé ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. Ẹ ò mọ màmá yìí o, bí wọ́n bá ti wọlé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọjú wò bóyá mo gbálẹ̀. Mo se àmàlà, wọ́n ní gbẹ̀gìrì mi ń run èéfín. Mo gbà. Àfi bí a ṣe gbóúnjẹ kalẹ̀ tí Màlíìkì fọwọ́ kan iwájú orí, ó kan àyà, ó kan èjìká méjèèjì, ó ní "Àmín". Alhaja ò jẹun mọ́. Wọ́n ní mo ti ta ọmọ àwọn fún Fada. Wọ́n pe gbogbo ẹbí, títí kan àbúrò ọkọ mi tó jẹ mí lówó. Ṣé bí ilé ìwé á ṣe máa yí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sìn padà nìyẹn, lẹ́yìn owó gọbọi tí mo ń san? Kí ni kí n ṣe?

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ ọdún mélòó ni? Bàbá ẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n wí?

Bàbá Mọ́kọ́lá: Kì í ṣòní, kì í ṣàná. Làwàní ni bàbá mi sọ mí. Mo dé ilé ìwé míṣọ́n ní 1958, tíṣà ní Lawrence ni kí n máa jẹ́. Lawrence ni mo fi gba sáfítíkéètì, òun náà ni mo fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ Mẹ́kà, gbogbo ẹni tó wo pásípọ́ọ̀tù mi ló ń wo ojú mi lẹ́ẹ̀mejì. Irú èyí wà lára ohun tó jẹ́ káwọn àgbà dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn ẹ̀ sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò Kékeré: Ẹ wo abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Wọn ò gbọdọ̀ fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìsìn tí kì í ṣe tiẹ̀ tí òbí ò bá fọwọ́ sí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Kó máa wọ híjáàbù lọ! Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́.

Agbẹjọ́rò Kékeré: Wọ́n ní ọmọkùnrin ni, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ híjáàbù. Ilé ìwé ìjọba l'Ékòó sì ni ẹjọ́ oṣù kẹfà 2022 yẹn dá lé lórí.

Ìyá Ìbejì: Àgùdà ni mí, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kátíkísìmù. Ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nílé ìwé wa. Tí agogo méjìlá ọ̀sán bá lù, a ó gbàdúrà, wọ́n á dúró jẹ́jẹ́. Ní Míísà, ẹni tí kò ṣèrìbọmi ò lè gba Ara Olúwa. Ó lè káwọ́ mọ́ àyà kí Fada súre fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé á sì máa ṣe ohun tó bá rí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní: kí lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Ìyá Màlíìkì: Ẹ ṣé gbogbo yín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ilé ìwé tó wà ládùúgbò wa, tíṣà ń ta búrẹ́dì ní kíláàsì! Àwọn Sista mọ ọmọ tọ́. Ní báyìí ó ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn, ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un lọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Fọ́ọ̀mù ńkọ́?

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Bàbá ẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Màlíìkì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé ọmọ ìjọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà, pé owó tiwọn máa ń dín. Mo bá kọ ọ́ pé Àgùdà ni. Mo kọ Mark sórúkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sista ní kí n mú káàdì ìrìbọmi wá, pé kíláàsì wọn fẹ́ gba Ara Olúwa àkọ́kọ́. Mo ní ó sọnù nígbà tá à ń kó kúrò nílé.

Ìyá Ìbejì: Màríà Mímọ́ o! Ilé ìwé lẹ wá ń bú látàárọ̀?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ má jẹ́wọ́ o. Wọ́n á lé ọmọ náà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ sọ fún ọkọ yín lálẹ́ yìí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ jọ lọ bá Sista, kí wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára àwọn tó fẹ́ gba Ara Olúwa. Kí ẹ san owó tó yẹ kí ẹ máa san.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Mark ṣì dáa ju Lawrence lọ.

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Màlíìkì, ṣé ọkọ yín ò mọ̀ rárá?

Ìyá Màlíìkì: Kò mọ̀. Èmi ni mò ń sanwó, abẹ́ àpótí aṣọ mi ni àwọn rìsíìtì wà.

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ọlọ́run á ṣàánú. Ẹ bá wọn sọ ọ́ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìyá Màlíìkì: Ó ti wọlé. Alhaja ló wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹ̀. Ó ń bi mí pé ta ni Mark.