Àbẹ́là tí wọn kì í fi ríran

Ìyá Ìbejì:
Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní London. Nígbà kan wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ màmá Júù kan ní Golders Green. Oṣù Kejìlá ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ báyìí ilẹ̀ á ti máa ṣú. Hánúkà dé, àjọ̀dún àwọn Júù tí wọ́n fi ń tan àbẹ́là fún alẹ́ mẹ́jọ, màmá ní kí n bá àwọn gbé ọ̀pá àbẹ́là sójú fèrèsé.

Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, èmi ni mo ń di ìgùnpá wọn mú. Àbẹ́là 44 ló wà nínú páálí náà. Alẹ́ àkọ́kọ́ ẹyọ kan, alẹ́ kejì méjì, títí dé mẹ́jọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń tò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń tàn án, kí tuntun lè kọ́kọ́ jó. Lálaalẹ́, ọ̀kan tún máa ń dá dúró lókè, ṣámáṣì, ìyẹn ìránṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣáná sí àwọn yòókù.

Alẹ́ kẹta, gílóòbù pálọ̀ jó. Mo bá gbé páálí oògùn wọn sún mọ́ àbẹ́là kí n lè kà á. Màmá figbe ta! Wọ́n ní wíwò nìkan ni àwọn ń wo iná yẹn, àwọn kì í lò ó. Torí ẹ̀ ni ìránṣẹ́ ṣe wà níbẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣèèṣì wúlò fún èèyàn, tiẹ̀ ni kó jẹ́.

Èmi tí NEPA tọ́ dàgbà! Àbẹ́là tí a ò fi kàwé, a fi ń bẹ Ọlọ́run ni. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tọrọ. Wọ́n ní àwọn ò tọrọ nǹkan kan, ọpẹ́ ni. Wọn ò sì jẹ́ kí n fọ abọ́ títí ìdajì wákàtí fi pé lẹ́yìn tí a tan àbẹ́là. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì jókòó lásán báyẹn rí. (Iléeṣẹ́ tó gbà mí ń ka ìṣẹ́jú lórí fóònù o.)

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ wo Jòhánù 10:22, àjọ̀dún ìyàsímímọ́ tó wà níbẹ̀, Hánúkà yìí náà ni. Ọdún 164 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn Mákábì, àwọn jagunjagun Júù, gba tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù padà tí wọ́n sì yà á sí mímọ́. Ìtàn òróró ọjọ́ kan tó jó fún ọjọ́ mẹ́jọ, inú Talmud, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn Júù, ni ìyẹn wà.

Bọ́ọ̀sì lèmi ń wà, mo máa ń gba Stamford Hill, àdúgbò tí àwọn Júù pọ̀ sí ní London, kọjá lálẹ́. Mo kàn ṣáà ń rí i pé iná ojú fèrèsé ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló ṣàlàyé fún mi pé torí kí àwọn tó ń kọjá lè rí iṣẹ́ ìyanu náà ni wọ́n ṣe ń gbé e síbẹ̀. Àṣé èmi ni wọ́n ń tàn án fún! Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ọmọdé kan juwọ́ sí mi lẹ́yìn àbẹ́là wọn. Mo tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan.