Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso eré ìdárayá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo ti gba NCE nínú ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan. Iṣẹ́ ẹ̀yìn pápá ló wù mí: kí n máa ṣètò ìdíje, kí n máa wá onígbọ̀wọ́, tàbí kí n darí ibi ìdárayá tí àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru náà ti lè wá na ara. (Bàbá mi ní ta ló ń fi eré jẹun. Mi ò bá wọn jiyàn.)

Mo mọ̀ pé Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ní ẹ̀ka Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eré ìdárayá. National Institute for Sports wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí, èwo ló tètè ń mú iṣẹ́ wá, dìgírì ni àbí dípúlómà? Ṣé wọ́n ń kọ́ni ní ètò ìnáwó àti ìwé àdéhùn dáadáa, àbí ọ̀rọ̀ iṣan àti egungun ló pọ̀ jù? Ṣé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bíi Shooting Stars máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn? Ẹni tó bá mọ iye owó ilé ìwé báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.