Ta ni à ń pè ní òṣìṣẹ́ kóòtù? Èsì sí àbá lórí “òṣìṣẹ́ ìdájọ́”, “agbára òṣìṣẹ́” àti “akódà”

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka àbá yín lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí a máa lò bí a bá fẹ́ kọ nípa iye àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù, ọjọ́ orí wọn, àti bí a ṣe ń gbà wọ́n síṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni ẹ dá lábàá: pé kí a máa pe gbogbo wọn ní “òṣìṣẹ́ ìdájọ́”, pé kí a máa pe àpapọ̀ wọn ní “agbára òṣìṣẹ́”, àti pé kí a pa “akódà”, orúkọ ìránṣẹ́ kóòtù tí ń mú ìwé ìpè lọ, tì nítorí pé ó ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, torí ó pẹ́ tí ó ti yẹ kí a jíròrò lé e lórí. Àmọ́ n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ìdájọ́ ni ohun tí adájọ́ ń ṣe; kò sí ẹlòmíràn nínú ọgbà kóòtù tí ń ṣe é. Akọ̀wé tí ń gba ìwé ẹ̀sùn wọlé, ẹni tí ń tọ́jú fáìlì, ẹni tí ń tẹ̀wé, awakọ̀, ọ̀dẹ ẹnu ọ̀nà, àti ẹni tí ń mú ìwé ìpè lọ sí ilé olùjẹ́jọ́, iṣẹ́ gbogbo wọn ni ẹjọ́ fi ń rìn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó dá ẹjọ́ rí nínú wọn. Ní ọdún 2021, JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, wọn kò sì padà síbi iṣẹ́ títí ó fi di oṣù kẹfà, nítorí owó tí òfin ní kí ó máa lọ tààrà sí ọwọ́ ẹ̀ka ìdájọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn adájọ́ kọ́ ni ó yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jókòó sílé, kóòtù tì pa káàkiri Nàìjíríà, adájọ́ kò sì rí ibi tí yóò jókòó sí gbọ́ ẹjọ́. Bí a bá wá fi “òṣìṣẹ́ ìdájọ́” kọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì yẹn, ọmọ tí kò tíì gbọ́njú nígbà náà yóò kà á, yóò sì gbà pé àwọn adájọ́ ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń fi ka òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún mú kí ó le sí i. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu àtúnṣe sí òfin ilẹ̀ wa, èyí tí ó sọ ọdún ìfẹ̀yìntì gbogbo adájọ́ àwọn kóòtù àgbà di 70. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni ọdún 65 ni adájọ́ Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga, nígbà tí àwọn ti Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn àti ti Kóòtù tó ga jùlọ ń dé 70. Àtúnṣe náà kò kan akọ̀wé tí ó jókòó níwájú adájọ́ yẹn gan-an. Òun jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba: bí ó bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò lé e lọ sílé. Ẹni tí ó bá wọṣẹ́ ní ọmọ 20 ọdún yóò fẹ̀yìn tì ní ọmọ 55, nígbà tí adájọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà ṣì ní ọdún 15 lórí àga. Bí a bá kó àwọn méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, tí a wá ń ṣírò ọjọ́ orí wọn papọ̀, òǹkà tí a ó rí kò ní jẹ́ ti adájọ́, kò sì ní jẹ́ ti akọ̀wé.

Nítorí náà, “òṣìṣẹ́ kóòtù” tí àwọn ará Ìbàdàn ń sọ lójoojúmọ́ ni mo fara mọ́, kí a sì jẹ́ kí “adájọ́” dá dúró lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé Májísíréètì yóò dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù Ìyágànkú ní Ìbàdàn yóò pe Májísíréètì ní adájọ́, kò sì ṣì í pè, nítorí pé ẹjọ́ ni ẹni náà ń dá. Ṣùgbọ́n nínú òfin, Májísíréètì kò sí lára àwọn adájọ́ tí àtúnṣe ọdún 2023 kàn. Àjọ tí ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ ni ó ń gba Májísíréètì síṣẹ́, àjọ yìí kan náà ni ó sì ń gba akọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Àbá tèmi ni pé nínú ìtàn àti nínú ìròyìn, kí a máa pè é ní adájọ́ bí àwọn ènìyàn ti ń pè é, ṣùgbọ́n nínú ìwé òǹkà, kí a fún un ní ìlà tirẹ̀, kí a má kó o mọ́ ìhà kankan.

Ẹ̀gbọ́n, ibi akódà ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ẹ ní àtijọ́ ni. Àbúrò bàbá mi ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá Akódà ni gbogbo àdúgbò Bẹẹrẹ ń pè é títí ó fi lọ sílé ìkẹyìn, bí a bá sì bèèrè ilé wa lónìí, orúkọ yẹn ni wọn yóò fi júwe rẹ̀ fún àlejò. Ní ìgbà tí kóòtù ìbílẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, akódà ni ọlọ́pàá, òun ni ìránṣẹ́, òun náà ni ó ń lọ gba ẹrù ẹni tí kò san gbèsè. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti fi òpin sí ọlọ́pàá ìbílẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá bọ́ lọ́wọ́ akódà, ṣùgbọ́n ìwé ìpè àti gbígba ẹrù kò parẹ́. Àwọn tí ń ṣe é lónìí ni ẹ fẹ́ kí a máa pè ní “bélíìfù”. N kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. “Kóòtù” gan-an, àyálò ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé a kì í yá ohun tí ó wà nílé. Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bá dín kù díẹ̀, a kò tìtorí ìyẹn sọ ọ́ nù. “Akọ̀wé” náà kò túmọ̀ sí ohun tí ó túmọ̀ sí ní ayé àwọn baba wa mọ́.

Iṣẹ́ náà pẹ́ ju kóòtù òyìnbó lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́, ìlàrí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọba, tí a ń fá apá kan orí wọn kí gbogbo ènìyàn lè dá wọn mọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹmẹsẹ̀ ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ Ọọ̀ni. N kò ní kí a máa pe òṣìṣẹ́ kóòtù ní ìlàrí, nítorí pé ti ààfin ni ìlàrí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé ọkùnrin àti obìnrin ni ó wà nínú àwọn ìlàrí. Ẹ kọ ọ́ sínú àbá yín pé “akódà” kò bá obìnrin mu. Kí ló dé? Kò sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó ní ọkùnrin nìkan ni, ju pé ọkùnrin ni a ti ń rí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ojú wa ni ó ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ní ti “agbára òṣìṣẹ́”, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni à ń sọ, pé wọ́n lágbára. Iye ni a fẹ́ sọ, a kò sọ̀rọ̀ okun. “Àpapọ̀ òṣìṣẹ́” tó. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ pípín wọn sí ọ̀wọ́ nípa ọjọ́ orí, ìwé tí wọ́n kà, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹnìkan nínú wa ti dá “ìkàsọ́wọ́” lábàá, láti ara “kà sí ọ̀wọ́”. Mo pè é sókè fún àwọn ará ilé mi láìsọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, gbogbo wọn ni ó sì gbọ́ “kà sí ọwọ́”, bí ìgbà tí a bá ń ka owó sí ọwọ́ ẹni. Nípa kóòtù, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a lo ọ̀rọ̀ tí etí lè gbọ́ bí rìbá. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a ka òṣìṣẹ́ “lọ́wọ̀ọ̀wọ́”, kí a sì máa pe ìṣirò náà ní “ìkà-lọ́wọ̀ọ̀wọ́”. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà.

Kì í ṣe pé mò ń wá ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ lásán. Mariam Aloma Mukhtar di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní ọdún 2012, Kudirat Kékeré-Ẹkùn sì di èkejì ní ọdún 2024. A mọ̀ wọ́n, a sì ń fi wọ́n yangàn. Obìnrin mélòó ni ó wà ní yàrá fáìlì? Mélòó nínú wọn ni ó ti lé ní ẹni 50 ọdún? Èdè wa kò fi akọ tàbí abo sínú “akọ̀wé”, nítorí náà bí a kò bá ka wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gbólóhùn tí ó sọ̀rọ̀ akọ̀wé kò ní sọ fún wa rárá. Bákan náà ni ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ àgbà tí a bí nígbà tí ìwé ìbí kò tíì wọ́pọ̀, ìwé ìbúra ni wọ́n fi gba ọjọ́ orí, kóòtù ni wọ́n sì ti búra. Ọjọ́ orí tí ó wà nínú ìwé ni iṣẹ́ ìjọba ń kà, òun náà ni kí a sọ pé a kà.

Ẹ tún lo “àṣà ìgbanisíṣẹ́” fún bí iye àwọn tí à ń gbà ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Àṣà máa ń dúró ni. Ohun tí ẹ fẹ́ sọ ń rìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń sọ ọ́: ìgbanisíṣẹ́ ń pọ̀ sí i, ó ń dín kù, ó dúró sójú kan. Kò nílò orúkọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó tẹ gbogbo ohun tí a bá sọ ní kóòtù sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́; obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì ń dàgbà láìsí ọ̀dọ́ tí ó tó láti rọ́pò wọn. “Akọ̀ròyìn kóòtù” ni mo rí nínú ìtumọ̀ kan, àmọ́ oníwèé-ìròyìn ni akọ̀ròyìn. Mo dá “akọ̀rọ̀sílẹ̀” lábàá. Ohun tí ó ń dí mi lọ́wọ́ ni pé nínú ọ̀pọ̀ kóòtù wa, adájọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, akọ̀wé ni ó sì sábà máa ń dìde ṣe ògbufọ̀ fún ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ń ka òṣìṣẹ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣé akọ̀wé ni a ó kà á sí, tàbí ògbufọ̀? Èmi ìbá ní kí a kà á sí akọ̀wé, kí a sì kọ ògbufọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí owó oṣù kan fi ń ra iṣẹ́ méjì lè rí i níbẹ̀.