Síìlì asbestos ilé àtijọ́: báwo lẹ ṣe ń tú u láì fọ́ ọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gba iṣẹ́ kan lọ́nà Tákíé: ilé tí wọ́n kọ́ ní 1974, kí n tú síìlì yàrá mẹ́fà. Síìlì náà kì í ṣe páálí. Ó le, àwọ̀ eérú ni, ibi tó bá ti sán a máa yọ fọ́nrán wẹ́wẹ́ bí òwú. Rìsíìtì tí Bàbá onílé fi rà á ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Asbestos ló wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé eruku rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ogún ọdún kó tó di àìsàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba òòlù lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ọ̀kan ní òun ti ń fọ́ ọ tipẹ́, kò ṣe òun ní nǹkan kan. Mi ò dá a lóhùn.

Mo ti fi omi ọṣẹ wọ́n ọn títí ó fi rin. Mo fi pínsà fa ìṣó, àmọ́ ó ti dípẹtà, orí rẹ̀ ń já, síìlì sì ń sán. Méjì ti fọ́. Mo fi náílọ́nù wé wọn ní ìlọ́po méjì. Bàbá ní ká gbẹ́ ilẹ̀ ká rì wọ́n sẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ kànga tí wọ́n ń mu wà níbẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń yọ irú ìṣó yìí tí síìlì ò fi ní fọ́? Ibo lẹ sì ń kó èyí tó bá fọ́ lọ ní agbègbè wa?