Index tàbí friction: ẹ gbà mí lọ́wọ́ jíà yìí

Alákẹ̀kẹ́ Àpẹ́tẹ̀: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kẹ̀kẹ́ ológeere mi ni mo gbé ẹjọ́ ẹ̀ wá (kì í ṣe Màrúwá o). Láti Àpẹ́tẹ̀ ni mo ti ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Tí mo bá ti dé òkè Mọ́kọ́lá, wàhálà dé. Màá tẹ jíà, kò ní lọ. Màá tún un tẹ̀, á fo méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lánàá ni ṣéènì yọ láàárín títì, onímíkírà kan ń fọn fèrè mọ́ mi, ó ń bú ìyá mi. Ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò, aṣọ funfun ló sì wà lọ́rùn mi. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa látàná.

Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí òun yọ index yìí, èyí tó ń dún tá téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kí òun fi friction sí i, èyí téèyàn ń fà jẹ́jẹ́ títí jíà á fi bọ́ sí i. 8,000 náírà ló pè é. Ó ní ti àwọn bàbá wa nìyẹn, kì í yọnu. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì: Friction! Kí lẹ tún ń rò? Raleigh bàbá mi, ó fi lọ oko, ó fi ru iṣu, ó fi gbé ìyá mi lọ ilé ìyàwó. Jíà ẹ̀ kò yọnu lọ́jọ́ kan.

Dúpẹ́ Peckham: Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sir, Raleigh ayé àtijọ́ yẹn, tó bá ní jíà rárá, inú họ́ọ̀bù (àárín wíìlì) ẹ̀yìn ló máa ń wà. Kò ní derailleur, irin ẹ̀yìn tó ń ti ṣéènì láti orí eyín jíà kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bàbá Ìbejì: Ṣé ìwọ lo gùn ún ni? Ọmọ ìlú òyìnbó.

Dúpẹ́ Peckham: 😂 Mo dọ̀bálẹ̀. Alákẹ̀kẹ́, eyín jíà mélòó ló wà lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni ọwọ́ ẹ̀ ń dún? Ti Shimano (iléeṣẹ́ tó ń ṣe jíà) oní 7, mìlímítà 5 ló wà láàárín jíà kan sí èkejì. Ti oní 8, 4.8 ni. Tí wọn ò bá bára mu, kò lè gún.

Alákẹ̀kẹ́ Àpẹ́tẹ̀: 7 ni méjèèjì, Shimano ni. Mo mọ nǹkan tí mò ń gùn.

Ọ̀gá Wáyà, Òṣogbo: Kò sóhun tó burú lára friction. Kí Shimano tó gbé SIS (index tiwọn) jáde lára Dura-Ace (jíà ìdíje wọn) ní 1984, òun làwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje ní Tour de France fi ń gun òkè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni ló ń ṣàtúnṣe níbẹ̀. Tí nǹkan bá yẹ̀, o kàn máa fà á díẹ̀ sí i, o ò ní mọ̀ pé àìsàn wà. Rọ́bà wo ni wáyà jíà rẹ ń gbà kọjá?

Alákẹ̀kẹ́ Àpẹ́tẹ̀: Ti búréèkì ló fi sí i lóṣù tó kọjá, ti tẹ́lẹ̀ ti ya. Ó ní ọ̀kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Friction àbí index ni mo béèrè.

Ọ̀gá Wáyà, Òṣogbo: Ká fi kí ni sílẹ̀? Irin inú rọ́bà búréèkì lọ́ pọ̀ bí sípíríìn, ó máa ń fún pọ̀ tí wáyà bá le. Ti jíà, gbọọrọ ni irin inú ẹ̀ nà. Index ò fẹ́ kí nǹkan kan dín.

Ìyá Ṣẹ́gun: Èmi ò mọ jíà o. Ta lo ń gun kẹ̀kẹ́ fún nínú oòrùn Ìbàdàn? Wọ míkírà.

Dúpẹ́ Peckham: Ṣé kẹ̀kẹ́ náà ti ṣubú rí?

Alákẹ̀kẹ́ Àpẹ́tẹ̀: Kò ṣubú. Ó kàn já bọ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì nígbà tí mo gbé e ti Èkó bọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta.

Ọ̀gá Wáyà, Òṣogbo: Áà! Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi balẹ̀?

Alákẹ̀kẹ́ Àpẹ́tẹ̀: Ọ̀tún.

Dúpẹ́ Peckham: Ẹ̀gbẹ́ ibi tí derailleur wà gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn báyìí. Àwọn wíìlì kéékèèké méjì tí ṣéènì ń gbà kọjá, ṣé wọ́n dúró gbọọrọ lábẹ́ eyín jíà, àbí wọ́n tẹ̀ sínú?

Alákẹ̀kẹ́ Àpẹ́tẹ̀: Wọ́n tẹ̀ sínú. Ìyàwó mi ní òun ti rí i látọjọ́ yẹn, pé mi ò kàn bi òun ni.

Ọ̀gá Wáyà, Òṣogbo: Ẹ má bọ́ sí eyín jíà ẹ̀yìn tó tóbi jù lọ mọ́ o! Derailleur lè kó sínú sípóòkù, táyà ẹ̀yìn á gan pa. Friction ò ní dá ìyẹn dúró. Tí férémù bá jẹ́ irin, kí ẹni tó ní irinṣẹ́ ẹ̀ tẹ ibi tí derailleur so mọ́ padà. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, tí ibẹ̀ sì ṣeé tú, ẹ ra òmíràn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà.

Alákẹ̀kẹ́ Àpẹ́tẹ̀: Irin ni, mágínẹ́ẹ̀tì mú un. Ẹ ṣé. Ìṣòro tó kù ni pé mo ti fún un ní 5,000 nínú owó friction náà láàárọ̀ yìí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ wá gbọ́! Ó ti sanwó kó tó wá bi wá.

Dúpẹ́ Peckham: Kó fi ra rọ́bà jíà.