Lẹ́tà kọ́sítọ́ọ̀mù lórí báàgì tó wá láti Ìkòròdú

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú Ọ̀gà, ẹ kú òtútù o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Àbúrò ìyá mi tó ń tajà ní Sábó di báàgì obìnrin mẹ́rìnlá sínú páálí, ó fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun tà á fún àwọn tó ń lọ òde ìgbéyàwó. Páálí ò dé, lẹ́tà ló dé. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní àwọn dá a dúró torí ó jọ ayédèrú, orúkọ ilé iṣẹ́ Faransé kan ló wà lára gbogbo wọn. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá kí n fèsì. Ọkọ mi ní kí n ya lẹ́tà náà dànù, pé wọ́n á gbàgbé.

Akọ̀wé, Leeds: Ẹ má ya nǹkan kan o! Mo ti bá ẹnìkan fèsì irú ẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe kọ̀wé sí yín, wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó ni àmì ọjà náà, ìyẹn ilé iṣẹ́ Faransé yẹn. Tí onítọ̀hún bá ní ayédèrú ni, tí ẹ̀yin náà bá gbà kí wọ́n bà á jẹ́, wọ́n á bà á jẹ́, ó sì sábà máa ń parí síbẹ̀. Tí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè ka ìdákẹ́ yín sí pé ẹ gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ̀wé pé ẹ ò gbà, ẹ ti ń pe ẹjọ́ wálé nìyẹn. Ẹ sì rántí pé mẹ́rìnlá ni. Ta ló ní èjìká mẹ́rìnlá? Ẹni tó bá ń ta irú ẹ̀ ní Ìlú Ọba níbí, òfin àmì ọjà ọdún 1994 lè fi í sẹ́wọ̀n tó ọdún 10.

Ìyàwó Ẹlẹ́ja, Brescia: Ní Ítálì tiwa, ẹni tó rà á pàápàá ò mórí bọ́. Owó ìtanràn rẹ̀ lè dé 7,000 yúrò, 300 ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ojú mi ló ṣe létí òkun. Ọmọkùnrin kan tẹ́ ọjà sórí aṣọ funfun, ó so okùn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n ṣe súfèé báyìí, ó fa okùn, gbogbo ọjà di ẹrù, ó ti sá lọ. Àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san 25 yúrò dúró síbẹ̀, báàgì lọ́wọ́.

Àǹtí Houston: Amẹ́ríkà rọ̀ ọ́ díẹ̀. Tó o bá fọwọ́ ara ẹ gbé e wọlé, tó jẹ́ tìrẹ, tí kì í ṣe ọjà, wọ́n lè fi ẹyọ kan nínú irú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹ láàárín ọjọ́ 30. Èyí tó bá gba póòsù wá ò sí nínú àánú yẹn o.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Àǹtí mi tó di páálí náà ní òun ò tan ẹnikẹ́ni, pé gbangba lòun máa ń sọ fún oníbàárà pé "fọ́ọ̀sì kọ́pì" ni.

Akọ̀wé, Leeds: Oníbàárà lè mọ̀. Ẹni tó ni orúkọ ńkọ́? Òfin àmì ọjà ti wà ní Nàìjíríà náà láti ọdún 1965, pé wọn ò kà á sí ní Sábó ò sọ pé kò sí. Ta ló tiẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ rán àwọn báàgì náà?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Òun fúnra rẹ̀ ni! Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá. Irin orúkọ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iwájú ti ń ṣí, lẹ́tà kan ti já bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú: áńkárá ló fi tẹ́ ẹ, ó gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì níbi tí okùn ti wọlé. Mo ti fi gbé ìrẹsì kílò mẹ́wàá, kò mira.

Ìyàwó Ẹlẹ́ja, Brescia: Kí ló wá dé tó fi ń sọ ọmọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ bí lórúkọ bàbá ẹlòmíì?

Akọ̀wé, Leeds: 😂 Kó yọ irin yẹn. Àmọ́ tí lẹ́tà orúkọ ilé iṣẹ́ Faransé yẹn bá tún wà káàkiri ara awọ náà, yíyọ irin nìkan ò tó, àmì ni ìyẹn náà. Kó wá awọ tí ò ní nǹkan kan lára, tàbí kó fi àdìrẹ rán an.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n bà á jẹ́, mo ya fọ́tò ẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Mo wá pe Àǹtí mi. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní ṣé òyìnbó ò lè bá àwọn tú síìpù inú ẹ̀ ná, pé síìpù ti wọ́n. Ní àná, wọ́n fi fọ́tò àdìrẹ kan ránṣẹ́, kò ní irin, kò ní orúkọ. Èló ni kí wọ́n pè é?

Àǹtí Houston: Ẹ jẹ́ ká rí fọ́tò ọ̀hún ná. Tí okùn ẹ̀ bá gùn dé ìbàdí, mo gba méjì.