Drop kò ṣiṣẹ́ bí mo bá fa káàdì láti inú àpótí kan sí òmíràn

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ JavaScript, èdè tí a fi ń mú ojú-ìwé ṣiṣẹ́. Mò ń ṣe ojú-ìwé kan fún oníṣòwò aṣọ, níbi tí yóò ti máa fi máòsì fa káàdì kọ̀ọ̀kan, tí àwòrán aṣọ àti iye owó wà lára rẹ̀, kúrò nínú àpótí "Tuntun" lọ sínú àpótí "Ó ti tà". Mo fi draggable="true" sára àwọn káàdì kí wọ́n lè ṣeé fà, mo sì kọ iṣẹ́ yòókù sábẹ́ drop, ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń wáyé bí a bá ju nǹkan sílẹ̀, lára àpótí. Káàdì ń tẹ̀lé máòsì dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi í sílẹ̀, ńṣe ló ń padà síbi tó ti wá, console, ibi tí aṣàwákiri (browser) ń kọ àṣìṣe sí, kò sì sọ nǹkan kan. Kí ló fà á?

Èsì kìíní
Dragover ni ẹ kò tíì kọ. Yàtọ̀ sí àwọn àpótí tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, aṣàwákiri kì í gbà kí a ju nǹkan síbikíbi lójú-ìwé, àfi bí ibẹ̀ bá fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda. Bí àpótí yín yóò ṣe yọ̀ǹda ni kí ẹ pe preventDefault, tó ń dá ohun tí aṣàwákiri ì bá ṣe fúnra rẹ̀ dúró, nínú dragover, tó ń wáyé léraléra níwọ̀n ìgbà tí káàdì bá ṣì wà lórí àpótí náà:

apoti.addEventListener("dragover", e => e.preventDefault());

Láìsí èyí, drop kò ní wáyé, console yóò sì dákẹ́ nítorí pé aṣàwákiri kò ka kíkọ̀ sí àṣìṣe. Ẹ pe preventDefault nínú drop náà, torí bí ẹnìkan bá ju fáìlì láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síbẹ̀, aṣàwákiri lè ṣí fáìlì yẹn dípò ojú-ìwé yín.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an, drop ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá di káàdì mú níbi àwòrán, id (orúkọ ìdánimọ̀ káàdì) tí mo fi setData pa mọ́ ní dragstart, ìyẹn ìgbà tí fífà bẹ̀rẹ̀, máa ń ṣófo, bẹ́ẹ̀ bí mo bá mú un níbi iye owó, kò sí wàhálà.

Èsì kejì
Àwòrán àti ìjápọ̀ ṣeé fà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, láìjẹ́ pé a fi draggable sí wọn. Nítorí náà, àwòrán gan-an lẹ ń fà, kì í ṣe káàdì, e.target, ìyẹn ohun tí fífà bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, sì ń tọ́ka sí àwòrán tí kò ní id. Ẹ fi draggable="false" sára àwòrán kí fífà náà lè bọ́ sọ́wọ́ káàdì tó gbé e, kí ẹ sì máa lo e.currentTarget, tó ń tọ́ka sí káàdì tí ẹ kọ dragstart sí lára. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi getData ka id náà nínú dragover, torí lẹ́yìn dragstart, inú drop nìkan ni aṣàwákiri ti sábà máa ń jẹ́ kí a kà á.

Èsì kẹta
Ẹ jẹ́ kí n fi ti fóònù kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo aṣàwákiri fóònù ló ń rán àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí bí a bá fi ìka fa nǹkan, àwọn tó ń rán an sì sábà máa ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bọ́tìnì "Ó ti tà" lára káàdì kọ̀ọ̀kan ni mo fara mọ́ jù. WCAG 2.2, ìlànà bí ojú-ìwé ṣe lè rọrùn fún àwọn aláàbọ̀ ara láti lò, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù, gbé jáde ní 2023, béèrè irú rẹ̀ ní 2.5.7: ohun tí a lè fi fífà ṣe gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe láìfa nǹkan, àyàfi tí fífà bá jẹ́ kòṣeémánìí. Ẹ kọ iṣẹ́ gbígbé káàdì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí drop àti bọ́tìnì jọ máa pè é.